Gbèsè ilé tó ku ọdún mẹ́sàn-án: ṣé kí wọ́n san án tán lẹ́ẹ̀kan?

Ọ̀rẹ́ mi kan wá bá mi lọ́jọ́ Sátidé kan, ó kó ìwé mẹ́ta dání. Kò tíì jókòó tán tó fi bẹ̀rẹ̀: "Mo ti pinnu. Mo máa san owó ilé yẹn tán lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Ìwọ kàn bá mi yẹ ìṣirò rẹ̀ wò kí ọkàn mi lè balẹ̀."

Èmi àti ẹ̀ ti mọ ara wa láti iléèwé, iṣẹ́ ìṣirò owó ni mo sì fi ń jẹun. Kì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́ tí yóò gbé ìwé wá nìyẹn. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé ó ti kọ lẹ́tà sí báǹkì kó tó wá. Ó ku kó fọwọ́ sí i.

Mo gba àyè lọ́wọ́ òun àti ìyàwó rẹ̀ kí n tó kọ èyí. Mo yọ orúkọ wọn kúrò, mo yọ ti báǹkì, mo sì yọ irú owó tí wọ́n ń ná kúrò pẹ̀lú. Iye owó nìkan ni mo fi sílẹ̀. Owó yòówù tí ẹ bá ń ná níbi tí ẹ wà, ẹ fi kà á.

Ọdún 11 sẹ́yìn ni wọ́n yá 100,000 láti fi ra ilé tí wọ́n ń gbé. Èlé rẹ̀ jẹ́ 6% lọ́dún, kò sì ní yí padà títí gbèsè yóò fi tán. Ogún ọdún ni wọ́n fi àdéhùn sí, 716.43 ni wọ́n ń san lóṣooṣù, wọn kò sì fo oṣù kankan rí. Wọ́n ti san oṣù 132, ó ku 108. Ojú owó, ìyẹn owó tí wọ́n yá gan-an láìka èlé mọ́ ọn, tó ṣì wà lọ́rùn wọn jẹ́ 59,674.

Ọ̀rẹ́ mi ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọdún 57 ni. Iléeṣẹ́ tó ń bá ṣiṣẹ́ dín òṣìṣẹ́ kù, wọ́n sì san ẹ̀tọ́ rẹ̀ fún un. Nígbà tó pa á pọ̀ mọ́ owó tí òun àti ìyàwó rẹ̀ ti ń tọ́jú, ó di 68,000. Ìyàwó rẹ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́ ní tirẹ̀, 1,500 ló ń mú wálé lóṣù. Ìnáwó ilé, tí a bá ka owó báǹkì yẹn mọ́ ọn, jẹ́ bíi 1,900.

Ẹ ti rí ibi tó ń lọ. Tí gbèsè ilé bá kúrò níbẹ̀, ìnáwó á já wálẹ̀ sí bíi 1,184, owó oṣù ìyàwó á gbé e, á tún ṣẹ́kù. "Mi ò fẹ́ gbé gbèsè wọ ọgọ́ta ọdún," ó ní. "Mo fẹ́ jí láàárọ̀ kí n mọ̀ pé kò sẹ́ni tó lè lé mi jáde nínú ilé mi." Ọ̀rọ̀ tó ní làákàyè ni. Ẹni tó bá ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́, tó ní ìṣirò nìkan ló yẹ kéèyàn wò, á jẹ́ pé kò tíì pàdánù iṣẹ́ rí.

Ó ti fi bírò pupa yí nọ́ńbà kan ká nínú ìwé kejì. Láàárín ọdún 11 náà, wọ́n ti san 94,569 fún báǹkì. Nínú rẹ̀, 40,326 ló bọ́ sínú ojú owó, 54,243 tó kù, èlé ni. Ó na ìka sí i. "Wò ó, ó ku díẹ̀ kí n san iye tí mo yá padà, wọ́n ṣì ní mo jẹ àwọn ju ìdajì rẹ̀ lọ!"

Kò sí àrékérekè níbẹ̀ o. Orí iye tó bá ṣẹ́kù ni báǹkì ti ń ṣírò èlé lóṣooṣù. Lóṣù àkọ́kọ́, 100,000 ló wà nílẹ̀, èlé oṣù kan lórí rẹ̀ jẹ́ 500, nítorí náà 216.43 péré ló ṣẹ́kù nínú owó oṣù náà láti fi gé gbèsè kù. Bí gbèsè ṣe ń rù ni èlé ń rù, tí èyí tó ń wọ ojú owó sì ń sanra sí i. Lóṣù tó ń bọ̀ tí ó fẹ́ sáré yẹra fún yẹn, èlé á jẹ́ 298.37, ojú owó á gba 418.06.

Ibí yìí ni ìgbàgbọ́ kan ti máa ń ṣi àwọn èèyàn lọ́nà, mo sì ti gbọ́ ọ lẹ́nu ẹni tó kàwé dáadáa: wọ́n á ní tí gbèsè ilé bá ti kọjá ìdajì, kò sí èrè mọ́ nínú kí èèyàn yára san án, torí báǹkì ti jẹ èlé tirẹ̀ tán. Irọ́ ni. Èlé tí èèyàn ti san ti lọ, kò sí ohun tó kàn án mọ́ ìpinnu tòní. Èyí tó wà níwájú ló ṣe pàtàkì. Gbogbo 1,000 tó bá ṣẹ́kù lọ́rùn wọn yóò máa jẹ 60 lọ́dún, ì báà jẹ́ ọdún kìíní, ì báà jẹ́ ọdún kọkàndínlógún. Tí wọ́n bá sì ń san án lọ bẹ́ẹ̀ títí oṣù 108 náà á fi pé, wọ́n á ṣì san èlé bíi 17,700. Owó kékeré kọ́ nìyẹn.

Nítorí náà mo béèrè ìbéèrè tó yẹ kí ẹnikẹ́ni kọ́kọ́ béèrè: tí owó yìí kò bá lọ síbi gbèsè, ibo ni yóò wà? Ó ní báǹkì kan náà ń fún òun ní 4% tí òun bá ti owó náà pa fún ọdún kan. Wọ́n á yọ ìdá kan nínú mẹ́wàá èlé yẹn fún owó orí, á wá ku 3.6%. Ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ 6% tí gbèsè ń jẹ. Èèyàn ń yáwó ní 6, ó ń yá ẹni tó yá a lówó padà ní 3.6! Kí owó tí a tì pa tó lè bá gbèsè yìí dọ́gba lẹ́yìn owó orí, báǹkì ní láti máa san bíi 6.67%. Kò sí ẹni tó ń fún un níyẹn.

Ẹnì kan ti gbà á nímọ̀ràn pé kó fi gbogbo rẹ̀ ra ṣíà. Ó ṣeé ṣe kó mówó wọlé ju 6% lọ tí a bá wò ó fún ọdún púpọ̀. Ṣùgbọ́n 6% ti gbèsè dájú bí ilẹ̀ ṣe ń mọ́, ti ṣíà kò dájú. Lọ́dún 2008, àkójọpọ̀ ṣíà S&P 500 ti Amẹ́ríkà pàdánù ju ìdá kan nínú mẹ́ta iye rẹ̀ lọ láàárín oṣù 12. Ẹni ọgbọ̀n ọdún lè dúró kó padà gòkè. Ẹni ọdún 57 tí iṣẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ kò ní àkókò tó bẹ́ẹ̀, mo sì sọ ọ́ fún un láìfi igbá kan bọ̀kan nínú.

Ká ní èlé tó ń yí padà ni, ìyẹn èyí tó lè gòkè kí gbèsè tó tán, mi ò bá tún ti í lẹ́yìn ju bẹ́ẹ̀ lọ pé kó tètè san án. Ká sì ní ọ̀wọ́ngógó ọjà ń sáré ju 6% lọ gan-an, tí owó oṣù náà sì ń bá a sáré, mo lè ní kó fara balẹ̀, torí owó tí yóò san lọ́dún méje sí i kò ní níye lórí bíi tòní. Kò sí èyí tó bá tiwọn mu nínú méjèèjì.

Títí dé ibí, ìṣirò ń gbè é lẹ́yìn. Ó ti ń rẹ́rìn-ín. Mo ní kó fún mi ní ìwé kẹta, ìwé àdéhùn, èyí tí kò tíì ṣí láti ọdún 11.

Ojú ìwé kẹrìnlá ni mo ti rí i, wọ́n tẹ̀ ẹ́ kékeré. Títí ọdún kejìlá yóò fi parí, ẹni tó bá fẹ́ san gbogbo gbèsè tán ṣáájú àsìkò á san ìtanràn 1.5% lórí iye tó kù. Fún un, ìyẹn jẹ́ 895. Lẹ́yìn ọdún kejìlá, kò sí ìtanràn mọ́. Ohun kejì wà lábẹ́ rẹ̀: láàárín ọdún àdéhùn kọ̀ọ̀kan, wọ́n lè fi tó 10,000 gé ojú owó kù lọ́fẹ̀ẹ́, bí wọn kò bá ti san gbèsè náà tán pátápátá.

Ó kọ́kọ́ fò sókè: "Ó dáa, màá dúró títí ọdún kan á fi kọjá kí n má baà san ìtanràn!" Mo ní kó jókòó. Tó bá dúró lọ́dún kan tí owó náà ń jẹ 3.6 tí gbèsè sì ń jẹ 6, ohun tí yóò pàdánù lé ní 1,300. Kò ní san ìtanràn 895, ṣùgbọ́n yóò san ju bẹ́ẹ̀ lọ ní kọ̀rọ̀. Mo ti rí ọ̀pọ̀ èèyàn tó máa ń bẹ̀rù ìtanràn torí pé orúkọ rẹ̀ burú, tí wọ́n sì ń fi ẹ̀rín gba èlé tó ju ú lọ.

Ọ̀rọ̀ ìtanràn yìí, ẹ wo òfin ibi tí ẹ wà. Ní Jámánì, lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá tí wọ́n ti fún èèyàn lówó ilé tí èlé rẹ̀ kò ń yí padà, ó lè fi oṣù mẹ́fà sọ fún báǹkì kó sì san án tán láìsan ìtanràn kankan, bí èlé náà tilẹ̀ ṣì ní ọdún nílẹ̀. Òfin ọdún 2014 ti Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù fún ẹni tó yáwó ilé lẹ́tọ̀ọ́ láti san án ṣáájú àsìkò, ṣùgbọ́n ó gba àwọn orílẹ̀-èdè láyè pé kí báǹkì gba owó tó tọ́ fún ohun tó bá pàdánù. Ìwé àdéhùn tiyín ló máa sọ èyí tó kàn yín, ẹ má fi ti ọ̀rẹ́ yín ṣe àwòkọ.

Mo wá béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ pé kí ni ìyàwó rẹ̀ wí sí i. Ó dákẹ́. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ó mọ̀ pé mo fẹ́ san án." Ìdáhùn yẹn kò tẹ́ mi lọ́rùn. Mo ní n kò ní sọ bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ títí a ó fi jọ jókòó, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ọjọ́ Sọ́ńdè ni mo lọ sílé wọn. Ìyàwó wa gbọ́ ìṣirò náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kò dá ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Nígbà tí ọkọ rẹ̀ sọ̀rọ̀ tán, ó dìde, ó wọ yàrá lọ, ó mú báàgì rẹ̀ jáde. Ìwé kan tó ti ká sí mẹ́rin ló yọ láti inú rẹ̀, ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì, ó fi ọwọ́ tẹ ìlà tí wọ́n ti ká a kó lè nà. Ìwé káàdì àwìn ni. Gbèsè 4,200 wà lórí rẹ̀, èlé rẹ̀ sì jẹ́ 22%.

"Látìgbà tí wọ́n ti ń dá owó oṣù yín dúró níbi iṣẹ́ ni," ó sọ fún ọkọ rẹ̀. "Ẹ̀yin ò mọ̀ pé òun la fi ń jẹun nígbà yẹn. Bọ̀dá, ẹ máà bínú pé mi ò tètè sọ."

Mi ò bínú rárá. Ọ̀rẹ́ mi ló nira fún. Ó wo ìwé náà títí, kò sọ nǹkan kan. Èmi náà dákẹ́, torí kì í ṣe ti oníṣirò owó láti dá sí ìyẹn.

Gbèsè tí wọ́n ń sá fún ń jẹ 6. Èyí tó wà nínú báàgì ń jẹ 22, ó lé ní 900 lọ́dún lórí 4,200 péré. Iye kan náà lórí gbèsè ilé kò ní ju 252 lọ. Gbèsè tó ń jẹni jù la kọ́kọ́ ń pa, ì báà kéré, ì báà má lórúkọ ńlá. Tí èèyàn bá sọ fún mi pé òun fẹ́ san owó ilé tán, ohun tí mo máa ń béèrè báyìí kí n tó gbé kákúlétọ̀ ni pé: gbèsè mìíràn wo ló wà, títí kan èyí tí ẹnì kejì kò mọ̀?

Ìyàwó wa kò tíì parí. Ó tọ́ka sókè. Òrùlé apá ẹ̀yìn ti ń jò láti ọdún tó kọjá, bọ́kẹ́ẹ̀tì méjì ló wà lábẹ́ rẹ̀ nígbà òjò. Ẹni tó wá wò ó ní 6,500 ni yóò gbà láti pààrọ̀ rẹ̀.

Mo tún ìṣirò náà ṣe lójú wọn. 68,000. Yọ gbèsè ilé 59,674. Yọ ìtanràn 895. Ó ku 7,431. Yọ ti káàdì 4,200, ó ku 3,231. Owó òrùlé nìyí, 6,500. Wọ́n á ra ilé náà tán pátápátá, wọn ò ní rí owó bò ó lórí.

Ìyàwó wa ní, "Tótó ó ṣe bí òwe, ẹ̀yin àgbà lẹ sọ pé àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé."

Mo ní, "Wàá rí òmíràn pa."

Ọ̀rẹ́ mi jà díẹ̀. Ó ní bó bá di pàjáwìrì, àwọn lè padà lọ yáwó lórí ilé náà, ṣebí kò ní sí gbèsè kankan lórí rẹ̀ mọ́. Mo bi í léèrè: ìwé wo ni báǹkì máa ń kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ yáwó? Ìwé owó oṣù ni. Ta ni kò ní ìwé owó oṣù mọ́? Ìgbà tí yóò nílò owó náà jù gan-an ni ìgbà tí báǹkì kò ní fún un. Owó tó bá ti wọ inú bíríkì, ó di kéèyàn ta ilé tàbí kó tọrọ kó tó padà jáde. (Mo mọ ohun tí mo ń sọ. Mo san gbèsè ọkọ̀ kan tán rí lọ́jọ́ kan ṣoṣo, mo ń yangàn kiri. Oṣù méjì lẹ́yìn náà ẹ́ńjìnì kú, mo sì lọ yá òmíràn tí èlé rẹ̀ lé ní ìlọ́po méjì láti fi tún un ṣe.)

Àmọ́ kí wọ́n tún jókòó lé owó náà kí wọ́n máa gba 3.6% kọ́ ni mo ń sọ. Ọ̀rẹ́ mi rò pé ọ̀nà méjì ló wà, kó san gbogbo rẹ̀ tàbí kó má san nǹkan kan. Àárín méjèèjì ni ojú ìwé kẹrìnlá yẹn ti là sílẹ̀.

Ọdún kọkànlá àdéhùn wọn ku ọjọ́ 19 kó parí. Ìyẹn ni pé wọ́n lè san 10,000 kí ọjọ́ 19 náà tó pé, kí wọ́n san 10,000 mìíràn nígbà tí ọdún kejìlá bá bẹ̀rẹ̀, kí ìtanràn má sì kan ìkankan nínú rẹ̀. Láàárín oṣù kan, gbèsè á já sí bíi 39,674.

A wá dé ibi tí wọ́n ti yapa. Tí wọ́n bá gé ojú owó kù báyìí, báǹkì lè ṣe ọ̀kan nínú nǹkan méjì: kó fi owó oṣooṣù sílẹ̀ bó ṣe wà kí ọjọ́ gbèsè kúrú, tàbí kó fi ọjọ́ sílẹ̀ kí owó oṣooṣù dín kù. Ní ti àkọ́kọ́, wọ́n á máa san 716.43 lọ, gbèsè á tán ní oṣù 65 dípò 108, èlé tó kù á sì jẹ́ bíi 6,900. Ní ti èkejì, owó oṣù á di 476.31, oṣù 108 á pé, èlé á jẹ́ bíi 11,770. Ìyàwó fẹ́ èkejì torí ọwọ́ á dẹ̀. Ọkọ kò tiẹ̀ fẹ́ gbọ́ ọ, ọgọ́ta ọdún ló wà lójú rẹ̀. Èmi gbè sẹ́yìn ìyàwó fún bíi ìdajì wákàtí, títí ọ̀rẹ́ mi fi jẹ́wọ́ pé ẹnì kan ti fi iṣẹ́ ọjọ́ méjì lọ́sẹ̀ lọ̀ ọ́, 600 lóṣù, tí òun ń rò pé ó kéré sí ipò òun. Ìyàwó rẹ̀ wò ó. Ó ní òun á gbà á.

Pẹ̀lú 600 yẹn, wọ́n lè gbé owó oṣù bó ṣe wà. Bí a ṣe fẹnu kò nìyẹn: ti káàdì lọ lọ́jọ́ Mọ́ńdè, 4,200, òrùlé, 6,500, ti gbèsè ilé, 20,000 ní ẹ̀ẹ̀mejì. Ó ku 37,300 lọ́wọ́, èyí tó lè gbé ilé wọn fún oṣù 19 bí gbogbo owó tó ń wọlé bá tiẹ̀ dúró. Mo ní kí wọ́n má ti gbogbo rẹ̀ pa sójú kan, kí apá kan wà níbi tí wọ́n ti lè mú un lọ́jọ́ tí wọ́n bá fẹ́.

Mo rò pé iṣẹ́ mi ti parí. Kò parí. Ọ̀rẹ́ mi fi 10,000 àkọ́kọ́ ránṣẹ́, ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà ó pè mí pẹ̀lú ayọ̀ pé báǹkì kọ̀wé pé òun kò jẹ wọ́n ní owó oṣù kankan fún oṣù 13 sí i. Ọkàn mi já. Mo ní kó ka ìlà ojú owó fún mi. Ojú owó kò kúrò níbi tó wà. Wọ́n ti gba 10,000 náà gẹ́gẹ́ bí owó oṣù tí èèyàn san sílẹ̀. Wọ́n ń mú 716.43 nínú rẹ̀ lóṣooṣù, èlé sì ń gun orí gbogbo gbèsè bíi tàtẹ̀yìnwá. 50 ni ìyẹn ń jẹ wọ́n lóṣù lásán, yàtọ̀ sí pé ọdún kọkànlá lè parí kí 10,000 ọ̀fẹ́ rẹ̀ sì ṣòfò.

Lẹ́tà méjì àti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló gbà. Ohun tó gbà wọ́n ni pé ọjọ́ tí owó wọlé wà nínú ìwé, ó sì bọ́ sínú ọdún kọkànlá. Báǹkì tún un kọ sí ojú owó láti ọjọ́ yẹn. Nígbà tí wọ́n ń san èkejì, ìyàwó wa fúnra rẹ̀ ló kọ lẹ́tà náà. Ó ní: "Owó yìí wà fún gígé ojú owó kù. Kì í ṣe owó oṣù tó ń bọ̀. Ẹ má yí iye tí a ń san lóṣooṣù padà, ọjọ́ ni kí ẹ gé kúrú. Ẹ fi ìwé ìṣirò tuntun ránṣẹ́ sí wa." Mo ní kó fún mi ní ẹ̀dà rẹ̀, mo sì ti fi han ẹlòmíràn tó fẹ́ ṣe irú nǹkan bẹ́ẹ̀.

Nǹkan díẹ̀ tún wà tí mo sọ fún wọn nípa ọjọ́ tí gbèsè bá máa tán pátápátá. Iye tó wà nínú ìwé ìṣirò oṣù kì í ṣe iye tí yóò pa gbèsè, torí èlé ń gùn lójoojúmọ́. Lórí 59,674 yẹn, bíi 9.81 ni lọ́jọ́ kan. Ẹ béèrè iye ìparí pẹ̀lú ọjọ́ tó mọ, kí ẹ san án kí ọjọ́ náà tó kọjá, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ owó táṣẹ́rẹ́ kan á ṣẹ́kù tí yóò máa bímọ. Adójútòfò ẹ̀mí tí wọ́n so mọ́ gbèsè náà sábà máa ń parí pẹ̀lú rẹ̀, ẹ wo bóyá ẹ ṣì nílò òmíràn. Ti iná àti jàǹbá ilé ní tirẹ̀, báǹkì ló ti ń rán yín létí, ọrùn yín ló máa wà báyìí. Ẹ má sì kúrò nídìí báǹkì títí wọ́n á fi yọ orúkọ wọn kúrò lórí ìwé ilé yín níbi tí ìjọba ti ń tọ́jú rẹ̀. Mọ́gééjì tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pe irú gbèsè ilé yìí, èdè Faransé àtijọ́ ni orúkọ náà ti wá, ìtumọ̀ rẹ̀ ni ìdógò tó kú. Edward Coke, amòfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣàlàyé rẹ̀ lọ́dún 1628 pé bí ajigbèsè kò bá san án, ilẹ̀ náà kú mọ́ ọn lọ́wọ́; bó bá san án, ìdógò náà kú mọ́ ẹni tó yá a lówó lọ́wọ́. Ẹ rí i dájú pé ó kú lóòótọ́, lórí ìwé.

Ọdún kan kọjá. Iṣẹ́ ọjọ́ méjì yẹn bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹta, òrùlé kò jò mọ́, káàdì ti wọ inú dúrọ́ọ̀. Ọ̀rẹ́ mi pè mí ní àárọ̀ ọjọ́ tí ọdún kejìlá parí, ẹni tó ti ń ka ọjọ́ ni. Ó ní gbèsè ku 33,283, òun ní bíi 39,000 nílẹ̀, ìtanràn ti kúrò. Ṣé kí òun parí rẹ̀?

Mo ní, "Kí ni ìyàwó rẹ wí?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Ó ní 18,000 ni, kí a fi 21,000 tó kù sílẹ̀."

Mo ṣírò rẹ̀ fún un lórí fóònù. Tí ó bá san 18,000, gbèsè á ku 15,283, oṣù 23 ni 716.43 á fi jẹ ẹ́ tán. Ó dákẹ́ díẹ̀, mo gbọ́ tó ń ka oṣù lẹ́nu. Lẹ́yìn náà ó ní ọjọ́ ìbí rẹ̀ ti ọgọ́ta ọdún bọ́ sí oṣù tó tẹ̀ lé e.